Àáró Ìwòran ní Ìkẹ́rẹ́

Ọpẹ́ ni mo fẹ́ fi ṣáájú ọ̀rọ̀ mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó fún mi ní ohùn tí mo fi ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin láti ìgbà tí mo wà ní ilé-ìwé ìjọ, tó sì jẹ́ kí n fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà láìtíì máa fi ọ̀pá rìn. Mo tún dúpẹ́ pé nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń wá ibi tí wọn yóò ti sinmi, Ó fún mi ní iṣẹ́ mìíràn tí kò jẹ́ kí n sinmi rárá.

Èmi ni akọ̀wé àjọ̀dún eré àdáṣe ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Bí ẹ kò bá mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, kò burú. Ọkọ mi náà kò tíì mọ̀ ọ́n dáadáa. Ìjọba kọ́ ló ń ṣe é, ilé-iṣẹ́ ńlá kankan kò sì sí lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí adájọ́ tí yóò yẹ eré wò kó tó sọ pé èyí dára, èyí kò dára. Ẹni tó bá ti kọ orúkọ sílẹ̀, orí ìtàgé di tirẹ̀ fún àkókò tí a bá fún un. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń ṣe eré nínú kíláàsì àti lẹ́yìn ilé ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Wọ́n wá bá mi nítorí pé mo ní tábìlì, mo sì mọ lẹ́tà kọ.

Àmọ́ iṣẹ́ náà ju lẹ́tà lọ. Èmi ni mò ń tọrọ àga ní ṣọ́ọ̀ṣì, èmi ni mò ń tọrọ ẹní ní mọ́ṣáláṣí, èmi náà ni mò ń bẹ aládùúgbò pé kó dákun pa ẹ̀rọ ìlọta, ọba inú eré ń kú lọ́wọ́.

Ibi tí a ti ń ṣe é ni sítọ́ọ̀ kòkó Bàbá Bámidélé, lójú ọ̀nà Ìsẹ̀. Bàbá ti lé ní ọgọ́rin ọdún, kò ra kòkó mọ́, ó sì yọ̀ǹda ilé náà fún wa lọ́fẹ̀ẹ́. Ní ọdún kejì ó yọjú wo eré, ó bá èèyàn mẹ́ta àti ewúrẹ́ kan. Nígbà tí ọdún kẹta ń bọ̀, ó ránṣẹ́ pè mí.

“Tíṣà, ṣé o mọ̀ pé àbúrò ìyàwó mi fẹ́ gba ulé yẹn fi ṣe búlọ́ọ̀kù?”

“Mo gbọ́ bẹ́ẹ̀, Bàbá.”

“N ó wá wò yín lọ́dún yìí. Bí mi ò bá rí èrò tó jókòó tó ń wòran, n ó kó kọ́kọ́rọ́ fún un lọ́jọ́ Mọ́ńdè.”

Kò sí òrùlé mìíràn ní gbogbo ìlú tí ẹnikẹ́ni lè fún wa lọ́fẹ̀ẹ́. Bí sítọ́ọ̀ bá lọ, àjọ̀dún náà lọ nìyẹn. Mo lọ sílé, mo gbàdúrà, mo sì jókòó kọ ìkéde tí mo rò pé yóò gbà wá là. Mo kọ ọ́ pé: “Ẹnikẹ́ni tó bá ní eré, kó mú un wá. A kò ní lé ẹnikẹ́ni padà.” Mo fi ránṣẹ́ sí gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí, wọ́n sì kà á fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Àṣìṣe mi nìyẹn. Ó yẹ kí n mọ̀, torí inú ìjọ ni mo dàgbà sí. Bí wọ́n bá ń pe ẹgbẹ́ jáde níbi ìkórè, kò sí ẹgbẹ́ tó fẹ́ kí wọ́n pe orúkọ òun kí ìjókòó òun má mì. Bí wọ́n ṣe gba ìkéde mi nìyẹn. Ẹgbẹ́ obìnrin kọ orúkọ, àwọn ọlọ́kadà kọ orúkọ, àwọn onídìrí, àwọn alápatà, àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn tó ń ta pákó. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, kò sí ẹni tó ṣẹ́ kù ní àdúgbò wa tí kì í ṣe eléré.

Ní Ọjọ́bọ̀ tí a bẹ̀rẹ̀, àwọn ọlọ́kadà ń ṣe eré Sámúsìnì. Èmi àti ìyàwó Sámúsìnì nìkan la wà lórí ìjókòó, ìyẹn ìyàwó rẹ̀ ti ilé. Àwọn tó kù wà níta, wọ́n ń kun àtíkè, wọ́n ń há ọ̀rọ̀ tiwọn sórí. Bàbá Bámidélé dé lójijì.

“Àwọn wo ló pọ̀ níta yẹn?”

“Eléré ni wọ́n, Bàbá.”

“Àwọn tó ń wòran dà?”

Mo kúnlẹ̀, mo ní kó fún wa di Sátidé.

“Sátidé,” ni Bàbá wí. “Láti àárọ̀ ni n ó ti jókòó.”

Mo pe gbogbo eléré sí abẹ́ igi máńgòrò. Kálukú ló ń di ẹ̀bi ru ẹnìkejì pé ìwọ ni ó yẹ kó wòran. Bọ́sẹ̀ onídìrí ló yanjú rẹ̀.

“Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe oko rí,” ó ní, “ta ló ń dá ebè kọ tán? Ṣebí àáró ni? Ẹ wá kọ tèmi lónìí, n ó wá kọ tiyín lọ́la. Ẹ jẹ́ ká fi àáró wòran.”

Alàgbà kan ní “Àmín,” bí ẹni pé àdúrà ló gbà.

Mo ti gbàgbé pé àwọn èèyàn wa kì í fi àáró ṣeré. Ní Sátidé, aago mẹ́fà kò tíì lù tí wọ́n ti dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ẹnìkan tilẹ̀ mú àdá dání, ó ní èèyàn kì í mọ̀. Wọ́n ní olóko ló ń bọ́ àwọn tó wá bá a ṣe àáró, ni àwọn ẹgbẹ́ obìnrin tó ń ṣe eré Rúùtù bá dá eré dúró nígbà tí Rúùtù ń pèéṣẹ́ lọ́wọ́, wọ́n lọ se ẹ̀wà. Àwọn alápatà ní àwọn nọ́ọ̀sì sùn nígbà tí eré àwọn dé ìdajì, nítorí náà, nígbà tí eré àwọn nọ́ọ̀sì dé ìdajì, gbogbo alápatà dìde pọ̀, wọ́n sì kọ ẹ̀yìn sí ìtàgé.

Ó wá kan Ṣẹ́gun tó ń lẹ táyà ní gáréèjì. Ó ti wo eré àwọn ẹlòmíràn fún wákàtí méjì gbáko; eré tirẹ̀ kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Ó ṣe é tán, kò sọ̀kalẹ̀.

“Ṣẹ́gun, ó ti tó.”

“Kò tíì tó, Mà. Wákàtí kan àti ogójì ìṣẹ́jú ló kù.”

Ó gbé abọ́ omi àti túùbù oníbàárà rẹ̀ kan jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tó jò. Ó ń rì í bọ omi díẹ̀díẹ̀.

“Bóyá kò jò,” ni ọlọ́kadà kan sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

“Pa ẹnu ẹ mọ́, à ń san àáró.”

Bàbá Bámidélé, tó wà ní ìjókòó iwájú, na ọrùn. “Wo apá òsì,” ó ní. Ṣẹ́gun yí i sí apá òsì, omi hó, gbogbo sítọ́ọ̀ sì pàtẹ́wọ́.

Nígbà tí eré parí, Bàbá ti jókòó fún wákàtí mẹ́fà. Mo ń lọ bá a tàyàtàyà láti gbọ́ ìdájọ́, àmọ́ àwọn eléré ti yí i ká.

“Bàbá, wákàtí mẹ́fà lẹ fi wò wá. A jẹ yín ní àáró.”

“Èmi kì í ṣe eléré. Mo fi jì yín.”

Ẹni tó bá fi àáró ji àgbẹ̀, ohun tó ń sọ ni pé ọwọ́ àgbẹ̀ náà kò wúlò lóko òun. Bọ́sẹ̀ kúnlẹ̀. “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ wá di ọ̀lẹ.”

Bàbá gun orí ìtàgé. Ó nawọ́ sí Ṣẹ́gun, ó ní bàbá rẹ̀ yá àkàbà lọ́wọ́ òun, àkàbà náà kò tíì padà. Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó bú àwọn ọlọ́kadà nítorí eré àsápajúdé. Ó bú àwọn alápatà nítorí egungun tí wọ́n ń fi kún ẹran. Ó ní ẹgbẹ́ akọrin wa kò tíì kọ orin kan tó gún láti ìgbà ìkórè. Ó yíjú sí mi: “Tíṣà, ìwọ lo kọ́ ọmọ mi ní ìṣirò. Kò mọ̀ ọ́n dòní.” Fún odidi wákàtí kan, ẹnikẹ́ni kò mira. Ọkùnrin kan tó wà lẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé, “Bàbá, ẹ ò tíì kàn mí.”

Ó sọ̀kalẹ̀, ó ń làágùn bí ẹni tó ti oko dé, ojú rẹ̀ sì ń dán.

“Ó ku mélòó?”

“Wákàtí márùn-ún, Bàbá.”

“Ara mi ò lè gbé e lẹ́ẹ̀kan. Wákàtí kan lọ́dún ni n ó máa gbà.”

Mo rọra béèrè pé, “Bàbá, búlọ́ọ̀kù ńkọ́?”

Ó wò mí bí mo ṣe máa ń wo ọmọ tí kò fetí sílẹ̀ ní kíláàsì. “Bí mo bá kó ulé fún oníbúlọ́ọ̀kù, níbo lẹ ó ti wò mí?”

Ọdún méjì ti kọjá lórí ìyẹn. Bàbá ti bú wa lẹ́ẹ̀mejì sí i, ó ku mẹ́ta. Àdúrà ẹ̀mí gígùn tí à ń gbà fún un pọ̀ ju ti àwọn àlùfáà wa lọ. Àmọ́ lọ́dún tó kọjá ó yà wọlé láàárín eré àwọn nọ́ọ̀sì, ó ní òun kàn ń kọjá lọ ni, ó sì jókòó fún wákàtí mẹ́rin. Ó ti di méje báyìí.

Ẹ̀yin tí ẹ ka èyí dé òpin, Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ẹ ṣe iṣẹ́ yín níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní wò ó. Èèyàn yóò jókòó tì yín, èèyàn yóò sì dúró tì yín, ẹ̀yin náà yóò sì ní ara líle láti wo tiwọn. Àmín.