Ìwé Bàbá Mi Nínú Kátálọ́ọ̀gì

Ọdún tí àrùn rọpárọsẹ̀ dá bàbá mi dùbúlẹ̀ ní Ìdànrè ló bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìwé rẹ̀. Olùkọ́ ni, ó ti fẹ̀yìn tì. Ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn àgbà ìlú wa, èyí tí àwa ọmọ ò gbọ́ ìtumọ̀ rẹ̀ mọ́, ló kó jọ sínú ìwé náà. Ẹ̀dà méjì péré ló fi ẹ̀rọ tẹ̀. Ikán jẹ èyí tó wà nílé. Ilé-ìkàwé ńlá yunifásítì kan ló fún ní èkejì.

"Bá mi wò ó bóyá ó ṣì wà níbẹ̀." Ọ̀rọ̀ ń wọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Mo ṣí kátálọ́ọ̀gì wọn, àkójọ orúkọ gbogbo ìwé tí wọ́n ní, lórí fóònù. Àpótí kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀ téèyàn máa kọ nǹkan sí. Mo kọ orúkọ ìwé náà tàmì-tàmì, bí bàbá mi ṣe kọ́ mi. Kò rí nǹkan kan. Mo yọ àmì kúrò. Ìwé nípa kòkó àti òkúta ló kó jáde. Mo kọ orúkọ bàbá mi, òfo.

Lọ́jọ́ kejì mo wọkọ̀ lọ sí Ọ̀wẹnà, sí ṣọ́ọ̀bù obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà.

"Bọ̀dá, kátálọ́ọ̀gì wọn àtijọ́ ṣì wà o," ó wí. "Ìsàlẹ̀ ojú ìkànnì wọn pátápátá ni wọ́n fi í pa mọ́ sí."

Ibẹ̀ la ti lè máa wo orúkọ àwọn òǹkọ̀wé lọ́kọ̀ọ̀kan, láti A dé Z. A wò ó títí ojú fi ń ta mí, kí a tó rí bàbá mi: wọ́n ti ṣi orúkọ rẹ̀ kọ, wọ́n fo lẹ́tà méjì. Ṣùgbọ́n ìwé rẹ̀ ni. Mo fẹ́ pariwo ayọ̀. Obìnrin náà fọwọ́ kan ìlà tó kẹ́yìn. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn wá ìwé náà lórí pẹpẹ, àwọn ò rí i.

Nígbà tí mo délé, bàbá mi ti jókòó dè mí.

"Ṣé o rí i?"

"Mo rí i, Bàbá. Ẹnì kan ló yá a lọ."

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀gbẹ́ kan ẹnu rẹ̀ nìkan ló ṣí. "Ẹnì kan ń kà á!"

Láràárọ̀ ló ń bi mí bóyá ẹni náà ti dá a padà. Mo máa ń ní kò tíì dá a padà. Ká ní mo sọ òtítọ́ fún un ni, bóyá à bá ti tún àwọn ọ̀rọ̀ náà kọ nígbà tó ṣì lè sọ̀rọ̀. Nígbà òjò, ohùn rẹ̀ lọ pátápátá. Ó ṣì máa ń wojú mi tí mo bá wọlé, màá sì mirí.

A sin ín kí ìkórè kòkó tó parí. Lẹ́yìn náà mo mú ìwé àti bírò tọ àbúrò rẹ̀ obìnrin lọ, kí n lè kọ àwọn ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀. Èyí tí ìyá àgbà náà rántí kò kún ojú ewé méjì.