Ta Ló Dín Kúlíkúlí Náà?

Nígbà tí mo ṣì ń fi aṣọ iléèwé rìn kiri Gàmbàrí, ní Ìlọrin wa yìí, ọmọbìnrin mẹ́ta péré ni wá nínú kíláàsì ìmọ̀ ọrọ̀-ajé. Ẹ̀yin ọmọ òde òní lè rò pé àsọdùn ni, rárá o. Àwọn ọmọkùnrin a máa pè wá ní ìyá alásè, wọ́n á ní ká kọjá sí kíláàsì ìtọ́jú ilé. Olùkọ́ wa, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan láti Ọ̀mù-Àrán, kì í bú wa, ṣùgbọ́n òun náà ti sọ pé tí a kò bá ṣe dáadáa ní sáà yẹn, ibẹ̀ la ó lọ. Ó dùn mí, torí kò sí ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ràn tó ìmọ̀ ọrọ̀-ajé.

Lọ́jọ́ kan, ó ní ká lọ wo àwọn tó ń pèsè ọjà ládùúgbò, ká wá jábọ̀. Àwọn ọmọkùnrin kan lọ sí agboolé kan lẹ́yìn ilé wa, níbi tí àwọn obìnrin ti jẹ́ ẹlẹ́hàá. Ẹ mọ̀ pé ẹlẹ́hàá kì í ṣàdédé jáde, ọkùnrin àjèjì kì í sì í wọlé tọ̀ ọ́. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ra kúlíkúlí lọ́wọ́ ọmọdé tó jókòó síbẹ̀, wọ́n sì padà wá jábọ̀ pé àwọn obìnrin ibẹ̀ kì í ṣiṣẹ́ kankan. Ẹni tó ń sọ ọ́ ṣì ń jẹ kúlíkúlí lẹ́nu.

N ò mọ ìgbà tí mo dìde. "Sà, ẹ bá mi bi í, ta ló dín èyí tó wà lẹ́nu ẹ̀?"

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Olùkọ́ wa rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ awò ojú rẹ̀ láti nu ojú. Ó ní òun pàápàá kò lè wọ agboolé yẹn. Ó wá kọjú sí àwa mẹ́ta: "Ẹ̀yin nìkan lẹ lè wọ̀ ọ́. Ẹ lọ wò ó wá fún wa."

A wọlé. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà ń lọ ẹ̀pà kúlíkúlí, òmíràn ń rán fìlà. Àwọn ọmọ ló ń gbé ọjà jáde, tí wọ́n sì ń gbé iye tí oníbàárà ná an wá fún ìyá nínú ilé, títí ọ̀rọ̀ á fi wọ̀. Olùtà àti olùrà kò fojú kan ara wọn rí. Kò sí èyí nínú ìwé wa. Lẹ́yìn tí a jábọ̀, ẹnikẹ́ni kò dárúkọ ìtọ́jú ilé fún wa mọ́.

Ìmọ̀ ọrọ̀-ajé yẹn ni mo fi ṣe iṣẹ́ olùkọ́ títí mo fi fẹ̀yìntì. Lónìí, àwọn ọmọbìnrin ló ń jókòó síwájú ní kíláàsì náà, inú mi sì ń dùn. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe sọ pé àánú ni wọ́n fi gbà wá síbẹ̀. Ilẹ̀kùn kan wà tí àwọn yòókù kò lè wọ̀. Àwa wọ̀ ọ́, gbogbo kíláàsì ló sì gbọ́n sí i. Ọmọkùnrin tó ń jẹ kúlíkúlí lọ́jọ́ náà pàápàá gbà bẹ́ẹ̀. Mo kọ́ ọmọbìnrin rẹ̀ ní ẹ̀kọ́ kan náà, kúlíkúlí ló sì máa ń fi rán an sí mi.