Kọ́kọ́rọ́ Tí Tún-un-wọ̀n Kò Fi Sílẹ̀

Tún-un-wọ̀n ni àwọn ọlọ́jà ń pe àbúrò mi ọkùnrin, kì í sì í ṣe pé wọ́n fi ń yìn ín. Iṣẹ́ ìjọba ló ń ṣe. Òun ni wọ́n ń rán lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ilé ìpògùn àti ìsọ̀ àwọn alápatà, láti dán òṣùwọ̀n wọn wò bóyá ó ń sọ òótọ́. Èyí tó bá ń parọ́, yóò fi èdìdì pupa lẹ̀ ẹ́, kò sì sí ẹni tó gbọ́dọ̀ lò ó mọ́. Ó ní àpótí igi kan tí irin idẹ mẹ́sàn-án tó fi ń dán òṣùwọ̀n wò jókòó sínú rẹ̀, kálukú nínú ihò tirẹ̀. Kì í fi ọwọ́ lásán kàn wọ́n, nítorí òógùn ọwọ́ a máa fi kún ìwọ̀n irin. Aṣọ funfun ló fi ń mú wọn. Okùn dúdú ló fi kọ́ kọ́kọ́rọ́ àpótí náà sọ́rùn. Ó ń bá a wẹ̀, ó ń bá a sùn.

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, obìnrin. Láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú ni mo ti ń gbé pẹ̀lú àwọn méjèèjì. Ọmọ náà ti bẹ̀ ẹ́ títí pé kó jẹ́ kí òun máa bá a nu àwọn irin náà lọ́jọ́ Sátidé, nítorí ojú rẹ̀ kò ríran bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ó kọ̀. Ó ní kì í ṣe ọmọ ni òun kò fọkàn tán, irin ni.

Bó bá fẹ́ dán òṣùwọ̀n wò, yóò gbé irin sí àárín, yóò gbé e sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà yóò tún bẹ̀rẹ̀ láti àárín. Alápatà kan sọ fún un pé bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ló ṣe yẹ ìyàwó wò kó tó fẹ́ ẹ, àpọ́n ni ì bá wà títí di òní. Kò rẹ́rìn-ín. Ó tún un wọ̀n.

Ọkùnrin yìí kan náà ló fẹ́ràn géèmù orí tẹlifíṣàn. Ọ̀kan péré ni, ó sì ti tó ọdún méjìlá tó ti ń gbá a. Ọkọ̀ kan ló ń rìn láàárín àwọn ìràwọ̀, ìwọ tó mú páàdì lọ́wọ́ sì ni ọ̀gákọ̀ rẹ̀. Wàá yìnbọn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ náà ń ṣiṣẹ́: ohun tí o bá sọ fún àwọn tí ẹ jọ ń rìn ni yóò sọ irú ẹni tí ọ̀gákọ̀ rẹ yóò dà. Àbúrò mi mọ ọ̀gákọ̀ tirẹ̀ bí èèyàn ti ń mọ ọmọ ìyá rẹ̀, pẹ̀lú àpá tó wà létí ọ̀tún rẹ̀.

Níparí apá kìíní, igbákejì ọ̀gákọ̀ ní kó fún òun ní kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀. Ó fún un. Igbákejì tì í mọ́ inú yàrá ẹrù, ó sì fa ọkọ̀ lé ọ̀tá lọ́wọ́. Oṣù mẹ́ta gbáko ni àbúrò mi fi wá ọ̀nà tí ọ̀gákọ̀ rẹ̀ máa gbà jáde. Títí di òní, a lè wà nídìí oúnjẹ kó dákẹ́ lójijì, kó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ọwọ́ ara mi ni mo fi fún un.”

Apá kejì jáde lọ́dún yìí. Ọmọ rẹ̀ ló rà á. Ó kọ́kọ́ gbá a tán ní yàrá tirẹ̀, kó tó gbé e fún bàbá rẹ̀. Géèmù náà bi àbúrò mi bóyá ó fẹ́ kí ọ̀gákọ̀ àtijọ́ bá a kọjá sí apá kejì. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó tún bi í bóyá ó fẹ́ èyí tó rọrùn, níbi tí òkú ti ń jí padà. Ó ní òkú tó bá ń jí kì í ṣe òkú. Báyìí ló ṣe yan èyí tó le: bí ọ̀gákọ̀ bá kú, ẹ̀rọ yóò pa á rẹ́ pátápátá, ọdún méjìlá yóò sì bá a lọ.

Láti ọjọ́ kìíní ló ti ń fura. Ó ní ògiri ọkọ̀ náà mọ́ jù. Ó ní ìlẹ̀kùn ń ṣí kéèyàn tó dé ibẹ̀, bíi ti ilé ẹni tó ti mọ̀ pé ọlọ́pàá ń bọ̀. Èyí tó dùn ún jù ni ti ẹrù. Ní apá kìíní, ohun gbogbo ló ní ìwọ̀n. Bí o bá kó jù, ọ̀gákọ̀ á máa wọ́ ẹsẹ̀. Ní apá kejì, ó kó ọgọ́rùn-ún ìbọn sápò, ọ̀gákọ̀ sì ń sáré bí ewúrẹ́. Ó gbé páàdì lé orúnkún, ó yíjú sí ọmọ rẹ̀.

“Wọ́n ti yọ ìwọ̀n kúrò.”

“Bàbá, àwọn èèyàn ló ní ó ń dá àwọn dúró.”

“Ẹni tó bá yọ ìwọ̀n kúrò,” ó ní, “ó ní ohun tó ń fi pamọ́.”

Ẹni tó wá fura sí jù ni mẹkáníìkì ọkọ̀ náà, arúgbó apárí kan tí ọ̀rọ̀ kò pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi í níbi márùn-ún: láàárín ọkọ̀, nídìí ẹ̀ńjìnnì, níbi ìjẹun, lẹ́nu ọ̀nà àti níbi ìsùn. Ó fẹ́ mọ ibi tó wà lọ́jọ́ tí ọ̀tá gba ọkọ̀ ní apá kìíní. Mẹkáníìkì ní abẹ́ ọkọ̀ ni òun wà tí òun ń tún nǹkan ṣe, òun kò gbọ́ nǹkan kan. Níbi márààrún, ọ̀rọ̀ kan kò yàtọ̀. Mo rò pé yóò dùn mọ́ àbúrò mi nínú. Ó ní rárá o, òṣùwọ̀n tó dára a máa mì díẹ̀ kó tó dúró. Èyí tí kò bá mì rárá, wọ́n ti fi nǹkan há a nísàlẹ̀. Mo ní bóyá ìdáhùn kan ṣoṣo ni àwọn tó ṣe géèmù kọ sí i lẹ́nu. Ó wò mí bí wọ́n ti ń wo ọmọ tó béèrè ibi tí oòrùn ń sùn.

Ó ń fura sí ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí ìyẹn ti mọ òpin ìtàn. Ó kìlọ̀ fún un pé kò gbọ́dọ̀ sọ ọ̀rọ̀ kan, síbẹ̀ ojú rẹ̀ ló ń wò kó tó tẹ ohunkóhun. Ó dé ọjọ́ kan tí ọmọ náà wọ awò dúdú wá jókòó sí pálọ̀. Bàbá rẹ̀ ní ẹnu rẹ̀ ṣì wà níta.

Ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi kan ni ọ̀rọ̀ náà dé orí rẹ̀. Mo wà lórí àga mi lẹ́bàá fèrèsé, mò ń lẹ aṣọ. Ọ̀tá yìnbọn lu ọkọ̀, ihò ṣí lára rẹ̀, afẹ́fẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í jò jáde. Mẹkáníìkì sáré wá. Ó ní kí ọ̀gákọ̀ wọ yàrá kékeré kan tí afẹ́fẹ́ kò lè jò kúrò nínú rẹ̀, kó sì fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ fún òun, kí òun lè ráyè wọlé bí òun bá ti dí ihò náà tán.

Àbúrò mi rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀. Kò fún un ní kọ́kọ́rọ́. Ó wọlé, ó ti ìlẹ̀kùn látinú. Mẹkáníìkì kàn ní, “Ó dáa, ọ̀gá,” ó sì yí padà.

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ gbọ́?” ni àbúrò mi wí. “Ta ni wọ́n máa fi kọ́kọ́rọ́ dù báyìí tí kò ní bínú?”

Kò pẹ́ tí iná pupa kan fi tàn lókè ìlẹ̀kùn nínú yàrá kékeré náà. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹnìkan ń kan ìlẹ̀kùn. Bó bá tẹ bọ́tìnnì, ìlẹ̀kùn yóò ṣí. Bó bá sì jẹ́ pé ọ̀tá ni mẹkáníìkì kó bọ̀, ọ̀gákọ̀ ti kú nìyẹn. Àtàǹpàkò rẹ̀ wà lórí bọ́tìnnì. Ó yíjú wo ọmọ rẹ̀, tí kò wọ awò lọ́jọ́ náà. Ọmọ náà kọjú sí ògiri.

“Mo ti rí i,” ni àbúrò mi wí, ó sì gbé àtàǹpàkò kúrò.

Iná náà tàn lẹ́ẹ̀kejì. Ó tàn lẹ́ẹ̀kẹta, ó pẹ́ díẹ̀, ó kú.

Lẹ́yìn èyí ni agogo dún pé ihò ti dí, afẹ́fẹ́ ti ń padà bọ̀ sínú ọkọ̀. Ìlẹ̀kùn ṣí fúnra rẹ̀. Mẹkáníìkì ti kú sílẹ̀ níbẹ̀, irin tó fi jó ojú ihò náà pa wà ní ọwọ́ rẹ̀ kan, ọwọ́ kejì wà lára ìlẹ̀kùn. Kò sí ọ̀tá kankan.

Omijé ti wà lójú ọmọ náà.

“Mo kọjú sí ògiri kí ẹ má bàa ka ojú mi ni, Bàbá. Mo fẹ́ kí ẹ ṣí i.”

“O ò sì sọ̀rọ̀.”

“Ẹ̀yin lẹ ní kí n má sọ.”

Ó gbé páàdì sórí àga, ó ń wo àtàǹpàkò rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, “Òṣùwọ̀n tó ń sọ òótọ́ ni mo fi èdìdì pupa lẹ̀.”

Ọ̀gákọ̀ rẹ̀ kò kú. Ó padà sídìí géèmù náà lọ́jọ́ Wẹ́sìdé, ṣùgbọ́n bí ọ̀gákọ̀ bá ti ń kọjá níwájú yàrá kékeré náà, mo rí i pé ó ń dá a dúró níbẹ̀ díẹ̀ kó tó lọ. Ọmọ rẹ̀ bi í pé kí ló wá rò nípa apá kejì. Ó ní ògiri rẹ̀ ṣì mọ́ jù, òun yóò sì kọ lẹ́tà sí àwọn tó ṣe é lórí ọ̀rọ̀ ìwọ̀n. Ṣùgbọ́n kò sọ pé wọ́n ń fi nǹkan pamọ́ mọ́.

Lọ́jọ́ Sátidé, ó fẹ́ lọ gé irun. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀, ó bọ́ okùn dúdú lọ́rùn, ó gbé kọ́kọ́rọ́ lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Ó ní aṣọ funfun wà nínú àpótí, kó má fi ọwọ́ lásán kàn wọ́n. Ó jáde. A gbọ́ tí géètì ṣí, kò tíì pa dé tí ó fi padà wọlé.

“Kọ́kọ́rọ́ ńkọ́?”

Ọmọ náà nà án sókè kó lè rí i. Ó mi orí, ó tún jáde. Mo ń wò ó láti ojú fèrèsé. Nígbà tó dé ìyànà, ó dúró, ó fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀ níbi tí okùn máa ń wà. Mo rò pé yóò tún padà. Ó ń lọ.