Fèrè Ilé-Iṣẹ́ Ọṣẹ

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, tírélà kan fọn fèrè gígùn ní Ọ̀fà Garage, mo sì gbàgbé ata tí mò ń ṣà lọ́wọ́. Bí fèrè ilé-iṣẹ́ ọṣẹ ṣe máa ń dún gan-an nìyẹn.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ ò mọ ọ̀nà Asà Dam ní ìparí àwọn ọdún 1980, nígbà tí ilé-iṣẹ́ kún ibẹ̀. Òórùn ọṣẹ tí wọ́n ń sè máa ń wọ yàrá wa débi pé aṣọ ìdọ̀tí pàápàá ń ta sánsán. Kò sẹ́ni tó ń wo aago. Bí fèrè bá dún lọ́sàn-án, àwọn òṣìṣẹ́ á pa ẹ̀rọ, wọ́n á wálé jẹun. Ìyàwó tí iṣu rẹ̀ ò bá tíì jinná, ó di ẹjọ́.

Sìdí ni ọ̀rẹ́ mi. Bàbá rẹ̀ ló ń ṣọ́ géètì, òun ló sì ń fa okùn fèrè náà. Bàbá tèmi, ará Ọ̀mù-Àrán, ni ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà. Lọ́jọ́ kan, Bàbá Sìdí lọ ṣe àlùwàlá láti kírun ìyálẹ̀ta. Mo na ọwọ́ sí okùn. Sìdí di aṣọ mi mú: "Má fà á o, Bàbá nìkan ló ń fà á." Mo fà á.

Gbogbo òṣìṣẹ́ pa ẹ̀rọ, wọ́n jáde. Kí wọ́n tó mọ̀ pé ọ̀sán ò tíì pọ́n, ọṣẹ ti dì gbagidi sínú àwọn ìkòkò ńlá. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ.

"Èmi ni mo fà á," ni Bàbá Sìdí sọ, kò tiẹ̀ wo apá ọ̀dọ̀ mi. Wọ́n dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́.

Sìdí wá bá mi. "Sọ òótọ́ fún bàbá ẹ. Wọ́n á gbà á padà."

Mo dúró ti bàbá mi níbi tí wọ́n ti ń jẹun. Ẹ̀rù bà mí, mo bu omi fún wọn, mo sì jáde. Lọ́jọ́ kejì, mo purọ́ fún Sìdí: "Mo ti sọ. Wọ́n ní kò ṣeé ṣe."

Ọjọ́ tí wọ́n kó ẹrù wọn lọ sí abúlé, Sìdí fi ọṣẹ kan tó ti kán sí mi lọ́wọ́. "O ṣeun tó o bá wa bẹ̀bẹ̀." Mo gbà á.

Bàbá mi ti kú, wọn ò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu mi. Ojú ṣì ń tì mí. Ilé-iṣẹ́ náà ti di ṣọ́ọ̀ṣì báyìí, àmọ́ ògiri rẹ̀ ṣì ń rùn bí ọṣẹ. Mo lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí wọ́n ní kí gbogbo wa dìde dúpẹ́, èmi nìkan ni mi ò lè dìde.