Ta Ló Máa Búra Lórí Ikú Mùkáílà Onígìtá?

Ní ọjọ́ kejìlá oṣù kẹjọ ọdún 1974, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún méjì ènìyàn sin òkú Mùkáílà onígìtá ní Ìlọrin. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tó bi ìyàwó rẹ̀ léèrè ohun tó ṣe é.

Kí wọ́n tó padà dé Táíwò Road, wọ́n ti mọ ohun tó pa á. Àwọn kan ní iná mànàmáná inú gìtá ló gbé e. Àwọn kan ní olórin rọ́ọ̀kì kan ní Kàdúná ló ṣe é láti ọ̀nà jíjìn. Àwọn ọ̀dọ́ ní kò kú rárá, pé ó ti wà ní Lọ́ńdọ̀nù, bí ẹni pé ìtí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni gbogbo ìlú fi aṣọ funfun wé sin. Nígbà tí ọ̀rọ̀ fi máa dé agbo ilé, ó ti di pé Rokibat, ìyàwó rẹ̀, ló po nǹkan mọ́ fùrá tó mu.

Rokibat wà nínú opó. Oṣù mẹ́rin ó lé ọjọ́ mẹ́wàá ni kò fi ní í jáde, nítorí náà ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀ ni irọ́ ń wá bá a. Ó ń fọ aṣọ Safiyat, ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún méjì, ó sì ń gbọ́. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Ibà pọ́njú ló pa ọkọ rẹ̀. Ẹyinjú Mùkáílà pọ́n rúsúrúsú bí ìbẹ́pẹ. Rokibat bẹ̀ ẹ́ pé kó lọ sí ọsibítù, ó kọ̀, ó fi awò dúdú bojú, ó tún lọ kọrin. Àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ń pàtẹ́wọ́. Ikú ni wọ́n ń wò, fáàrí ni wọ́n ń pè é.

Nígbà tí wọ́n ṣe fídáù ogójì ọjọ́ tán, Abdulraheem, ẹ̀gbọ́n Mùkáílà, pe Rokibat síwájú Ààfáà tó ṣe fídáù náà.

"Ìyàwó, Kùránì rèé. Búra pé o ò mọ nǹkan kan nípa ikú rẹ̀. Bí o bá kọ̀, Safiyat ò ní bá ọ kúrò nílé yìí."

"Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá mọ́ kì í fà sẹ́yìn," Àṣàbí, ìyá ọkọ rẹ̀, dá sí i.

Rokibat kúnlẹ̀. "Mo ti ṣe àlùwàlá, Ẹ̀gbọ́n. Màá búra. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó rí mi níbi tí mo ti ń po nǹkan mọ́ fùrá kọ́kọ́ búra pé òun rí mi. Ìyá, ẹ̀yin ni ká fi bẹ̀rẹ̀."

Àṣàbí sún sẹ́yìn lórí ẹní.

"Èmi ò ní mo rí i o," ni Àṣàbí wí. "Wọ́n ní."

"Ta ni wọ́n?"

"Ìyàwó Ìdòwú, ará ilé wa níbí, ló sọ ọ́."

"Ẹ bá mi pè é wá."

Ìyàwó Ìdòwú ti ń yọ́ jáde lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní àlùwàlá òun ti bàjẹ́. Ẹlòmíràn rántí pé òun gbé ẹran kaná.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin ńkọ́?"

Abdulraheem na ọwọ́ sí Kùránì, ó wo ojú Ààfáà, ó fa ọwọ́ padà.

Ààfáà pa Kùránì dé. "Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ lọmọ máa wà. Ó tán."

Rokibat kò yọ̀. Ó wọlé, ó na ẹ̀yìn sórí ẹní, ọmọ sùn tì í. Kò sí ẹni tó tọrọ àforíjì. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, wọ́n ti ń sọ ọ́ ní Táíwò Road pé oògùn ló fi di àwọn àgbà lẹ́nu.

Ìwọ tí ò ń ka èyí, tí o sì ní ìtàn tìrẹ nípa ikú Mùkáílà, lọ ṣe àlùwàlá, kí o wá gbé ọwọ́ lé Kùránì níwájú Rokibat. Bí o kò bá lè ṣe é, pa ẹnu rẹ dé.