Kò-tíì-kú àti Línọ́ọ̀sì

Ìtàn tí gbogbo àdúgbò fi ń rántí Kò-tíì-kú ni ti ọjọ́ tó yọ eyín kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó fi sùkúrúdiráfà hú gbogbo bọ́tìnnì ìtẹ̀wé lára rẹ̀, ó kó wọn sínú abọ́ omi ọṣẹ, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyàwó rẹ̀ ló ká a mọ́ ibẹ̀.

"Bàbá, ṣé kò sí o?"

"Mo tẹ pásíwọ́ọ̀dù, kò hàn. Mo tún un tẹ̀, kò hàn. Ìdọ̀tí ti dí bọ́tìnnì."

"Gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo?"

"Bàbá tó bí mi, láàárín ọ̀sẹ̀ kan ni gbogbo eyín rẹ̀ lọ."

Wọ́n ránṣẹ́ pe Tíṣà, obìnrin aládùúgbò wọn tó ń kọ́ ọmọ iléèwé ní kọ̀ǹpútà. Ó wo inú abọ́, ó káwọ́ lérí.

"Bàbá, Línọ́ọ̀sì tó wà nínú kọ̀ǹpútà yín yìí kì í jẹ́ kí pásíwọ́ọ̀dù hàn téèyàn bá ń tẹ̀ ẹ́ síbi dúdú yẹn. Ó ń fi pamọ́ kí ẹlòmíràn má baà rí i ni."

"Ẹlòmíràn wo? Èmi nìkan ni mo wà nínú yàrá!"

Atúnredíòṣe ni Kò-tíì-kú. Orúkọ tí à ń pè é, ẹnu ara rẹ̀ ló ti jáde. Ohun yòówù kí wọ́n gbé wá, ìbáà ṣe fáànù, ìbáà ṣe aago ara ògiri, á gbé etí lé e, á ní, "Kò tíì kú." Télọ̀ kan gbé áyọ́ọ̀nù tó ti jóná di èédú wá. "Kò tíì kú." Ọdún méjì kọjá kó tó gbà á padà. Ó ń gbóná lóòótọ́. Ṣùgbọ́n tó bá ti gbóná tán, á bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé.

Ohun tó gbé Línọ́ọ̀sì wọlé rẹ̀ rèé. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, obìnrin, òkè òkun ló ń gbé. Lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká àtijọ́ kan ni wọ́n ti ń rí ojú ara wọn ní Sọ́ńdè-Sọ́ńdè. Ọmọ náà bímọ ní ọjọ́ Ajé, ó ní tó bá di Sọ́ńdè, òun á gbé ọmọ tuntun hàn wọ́n. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, kọ̀ǹpútà kọ ọ́ sójú ara rẹ̀ pé òun ti dàgbà ju iṣẹ́ lọ, kí wọ́n lọ ra òmíràn.

"Kí ẹ̀rọ máa fẹnu ara rẹ̀ sọ fún mi pé òun ti kú?"

Inú bí i. Tíṣà ní ètò kan wà tó ń jẹ́ Línọ́ọ̀sì, wọ́n máa ń fi sínú kọ̀ǹpútà arúgbó kó lè padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó fi fún un nínú fíláàṣì. Ìyàwó rẹ̀ ní kí wọ́n kúkú lọ wo ọmọ lórí kọ̀ǹpútà Tíṣà.

"Kí n lọ máa wo ọmọ ọmọ mi nínú ilé onílé?"

"Ó dáa. Tí Sọ́ńdè bá dé tí n kò rí ọmọ yẹn, ẹ̀yin àti kọ̀ǹpútà lẹ ó jọ máa sùn."

Ọjọ́rú ló fọ bọ́tìnnì. Ní Ọjọ́bọ̀ ó tò wọ́n padà, kọ̀ǹpútà ní irọ́ ni pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ títí ìka fi ń ro ó. Tíṣà tẹjú mọ́ ọn.

"Bàbá, O ló wà níbi tó yẹ kí P wà."

"Ẹni tó tò ó ló ṣì í tò."

"Ta ló tò ó?"

"Ṣé o ti jẹun lónìí, Tíṣà?"

Ní Jímọ̀, kò rí íńtánẹ́ẹ̀tì. Kọ̀ǹpútà ní ó ku ohun kan tí òun máa gbà kí òun tó lè wọ íńtánẹ́ẹ̀tì, kó lọ mú un wá lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó fi ìka tọ ọ̀rọ̀ náà, ó kà á lẹ́ẹ̀mẹta.

"Mo ní kó gbé mi lọ sọ́jà, ó ní kí n kọ́kọ́ lọ ra ẹsẹ̀ òun wá lọ́jà."

Tíṣà fi wáyà gígùn so ó mọ́ àpótí íńtánẹ́ẹ̀tì tó wà ní pálọ̀. Kọ̀ǹpútà wá béèrè: ṣé ó dá a lójú pé kí ohun náà wọlé? Tó bá dá a lójú, kó tẹ Y. Tí kò bá dá a lójú, kó tẹ N. Kò-tíì-kú ronú. Kò dá a lójú. Ó tẹ N. Gbogbo rẹ̀ dúró. Wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀, ó tún ronú, ó tún tẹ N. Ẹ̀ẹ̀mẹrin.

"Bàbá, ẹ tẹ Y!"

"Kí n máa purọ́ fún ẹ̀rọ?"

Ní Sátidé, ìyàwó rẹ̀ na ìka kọjá èjìká rẹ̀, ó tẹ Y. "Èmi, ó dá mi lójú."

Sọ́ńdè dé, ọmọ wọn pè. Àwòrán jáde, ohùn jáde, ọmọ tuntun ń yán. Kò-tíì-kú ti ń pariwo ayọ̀ kí ọmọ rẹ̀ tó ní, "Bàbá, kí ló dé tí ẹ dorí kodò?"

Kámẹ́rà ló ń gbé wọn lórí kodò lọ sọ́hùn-ún. Lọ́dọ̀ tiwọn, ọmọ náà wà bó ṣe yẹ kó wà. Ẹlòmíràn ì bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Òun gbé kọ̀ǹpútà, ó dorí rẹ̀ kodò, ó fi pákó méjì tì í. Ara wọn wá tọ́ lójú ọmọ. Ọmọ ló wá dorí kodò lójú tiwọn.

"Ọmọ ọjọ́ mẹ́fà ló ń ríran?" ni ìyàwó rẹ̀ bi í.

"Ọmọ mi ni. Ìgbà àkọ́kọ́ tó máa rí mi, kò ní í rí mi lórí kodò."

Ó tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó lè rí ọmọ dáadáa. Ìyàwó rẹ̀ náà tẹ orí. Orí rẹ̀ bọ́ sí èjìká ọkọ rẹ̀, ó sì dúró síbẹ̀. Láti ogójì ọdún tí wọ́n ti fẹ́ra, kò sẹ́ni tó rí irú rẹ̀ rí.

Tíṣà ní ìlà ọ̀rọ̀ kan péré lòun máa tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, kámẹ́rà á tọ́. Ọkùnrin tó jí áyọ́ọ̀nù dìde wò ó.

"Má fọwọ́ kàn án. Kò bàjẹ́."

Oṣù mẹ́jọ ni wọ́n fi wo ọmọ bẹ́ẹ̀, ní Sọ́ńdè-Sọ́ńdè.

Nígbà tí wọ́n ní Kò-tíì-kú ti kú, àwọn kan kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ẹni mẹ́ta ṣì gbé fáànù wá lọ́sẹ̀ yẹn.

Tíṣà wá kí ìyàwó olóògbé. Ó rí kọ̀ǹpútà láàárín pákó méjì.

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n bá yín tún un ṣe. Ọrùn á máa dùn yín."

"Ó ń dùn mí," ni ìyá wí. "Fi í sílẹ̀."

Sọ́ńdè dé, ọmọ wọn pè. Ìyá jókòó sí apá ọ̀tún àga gígùn, ó fi àyè ẹnì kan sílẹ̀ lápá òsì, ó sì tẹ orí síbẹ̀. Ọmọ ọmọ rẹ̀, tó ti ń dá jókòó, wò ó títí. Òun náà wá tẹ orí.