Àpótí Ìyá Mi ní Pápá Bọ́ọ̀lù

Ọmọ mi ní kí n yé gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì nítorí orúnkún tó ń dùn mí. Mo yọ́ òrí, mo fi ń pa orúnkún náà. Bí òórùn òrí gbígbóná yẹn ṣe gbà mí nímú, mo tún di ọmọdébìnrin ní Ẹdẹ, tó ru àpótí tí ìyá rẹ̀ fi ń jókòó dáná, tó ń tẹ̀lé bàbá rẹ̀ lọ sí pápá.

Ẹsẹ̀ lásán ni bàbá mi fi gbá bọ́ọ̀lù fún ìlú wa kí orúnkún rẹ̀ tó yẹ̀, tó wá di ẹni tó ń fi òrí gbígbóná pa á. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ó ní kí n gbé àpótí náà sí àárín pápá gan-an. Ó jókòó, ó ti fèrè tí wọ́n fi ń darí eré bọ ẹnu.

Olórí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù sáré wá. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ jókòó sábẹ́ igi. Ìgbà tiyín ti kọjá."

"Orúnkún mi ló yẹ̀, ojú mi ò fọ́. Ẹni tó bá gbá bọ́ọ̀lù lu àpótí yìí máa sáré yí pápá ká lẹ́ẹ̀mẹ́wàá."

Olórí náà ló kọ́kọ́ gbá a lù ú. Ó sì sáré ọ̀hún pé.

Nígbà tá à ń lọlé, bàbá mi gbé ọwọ́ lé mi léjìká, inú mi dùn pé ó fẹ́ràn mi tó bẹ́ẹ̀. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé láìsí èjìká mi, kò ní lè délé.

"Àpótí mi dà?" ni ìyá mi bèèrè.

Bàbá mi dáhùn pé, "Ó wà láàárín pápá. Kí ẹni tó bá láyà lọ gbé e kúrò níbẹ̀."